Mustang Òrùlé-Kíká Nínú Àgbàlá Ilé ní Ìbàdàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè jù nípa títún ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ṣe nílé ara ẹni la kó jọ síbí. Ford Mustang ọdún 1965 àti 1966 la fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí òrùlé aláṣọ rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní Impala tàbí Cadillac lè mú ọ̀pọ̀ lò nínú rẹ̀, àmọ́ páàtì tiwọn kì í yá rí bíi ti Mustang.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Mustang?

Nítorí páàtì ni. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford gbé e jáde níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ya bò ó. Torí pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń rọ irin ara rẹ̀ lótuntun títí dòní: ilẹ̀ ọkọ̀, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà etí gíláàsì. Ẹgbẹ́ Ilé Kòkó Dùgbẹ̀ ni Mustang 1965 ní ọjọ́ orí, síbẹ̀ ó rọrùn láti rí ilẹ̀kùn tuntun fún un ju fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1990.

Ṣé mo lè rà á ní Amẹ́ríkà kí n kó o wọlé?

Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti le. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní iye ọdún tí ọkọ̀ àlòkù kò gbọdọ̀ kọjá kó tó lè wọlé, ọkọ̀ ọdún 1965 sì ti kọjá rẹ̀ jìnnà réré. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba tún ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín gbé e gba Kútọnù, wàhálà ló fẹ́ tà fún yín.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́ ni kí ẹ wá. Bàbá kan ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ilé ní Bódìjà tàbí Jẹ́ríkọ̀, igi máńgòrò ń wọ́ ewé sí i lórí, àwọn ọmọ ò sì mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè kọ́kọ́rọ́. Kí gbogbo ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún fọwọ́ sí títà rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀dà tuntun bá ń dán lára ọkọ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kàdúná máa rántí pé bàbá òun ló ni ín.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé apá ọ̀tún ni sitiárìn rẹ̀ máa wà nítorí pé ọkọ̀ àtijọ́ ni. Òótọ́ ni pé ọwọ́ òsì títì la ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ti wà lápá òsì ọkọ̀ látilẹ̀wá. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yí padà níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òrùlé-kíká gidi ni?

Ìbéèrè gidi nìyí, torí àwọn kan ń gé òrùlé irin dànù, wọ́n á fi aṣọ sí i, wọ́n á sì tà á ní owó gọbọi. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà wà lára irin inú bọ́nẹ́ẹ̀tì lápá awakọ̀, ó sì tún wà lára páànù kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5F08C: 5 ni ọdún 1965, F ni ilé iṣẹ́ Dearborn (R ni San Jose, T ni Metuchen), 08 ni òrùlé-kíká, C sì ni ẹ́ńjìnì V8 289 (onísílíńdà mẹ́jọ, 289 ni bó ṣe tóbi tó ní ínṣì kúbíìkì) tí kabúrétọ̀ rẹ̀ ní ihò méjì. Tó bá jẹ́ 07 ni ẹ rí níbi 08, olórùlé irin ni wọ́n fi jáde láti ilé iṣẹ́.

Ẹ má fi páànù ilẹ̀kùn nìkan ṣe ẹ̀rí, ilẹ̀kùn ṣeé pààrọ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Òrùlé-kíká gidi ní páànù tó nípọn tó lọ láti apá kan dé èkejì lábẹ́ àga iwájú. Èyí tí wọ́n gé kì í ní in.

Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ẹ́ńjìnì ni àbí?

Rárá o. Ara rẹ̀ ni. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn V8, mo mọ̀, àmọ́ owó tí ẹ bá kọ́kọ́ ná sórí ẹ́ńjìnì lórí ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, ẹ ti da á nù.

Lára ọkọ̀ olórùlé irin, òrùlé wà lára ohun tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Bó bá ti di aṣọ, ilẹ̀ ọkọ̀ àti irin gígùn méjèèjì tó wà lábẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn ló kù tó ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ìdí nìyẹn tí Ford fi kún irin ibẹ̀, tí òrùlé-kíká sì fi wúwo ju olórùlé irin lọ. Bí irin wọ̀nyẹn bá dógùn-ún, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn táyà iwájú, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wá pa ilẹ̀kùn dé. Bí kò bá wọlé dáadáa mọ́, tàbí tí àlàfo etí rẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, irin abẹ́ ti lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ jó irin mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn kí ara ọkọ̀ má baà yẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e, lábẹ́ sípíríǹgì, kì í ṣe láàárín. Ẹ gé apá kan, ẹ jó o parí, kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tó bá gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà á ní ilẹ̀ tuntun tó lẹ́wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní pa dé láéláé.

Ibòmíràn wà tí ojú kì í tó. Níwájú gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà, àpótí irin kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ọkọ̀. Omi òjò náà ń gba ibẹ̀. Ewé á kó síbẹ̀, á mú omi dúró, páànù inú rẹ̀ á sì lu. Ẹ fi hóòsì rọ omi sí i, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí omi bá kán síbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń wà, ẹ ti mọ ohun tó pa ilẹ̀ ọkọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni títún un ṣe, torí ọ̀pọ̀ ojú ìjórin ni ẹ máa lu ihò sí kí páànù òkè tó lè ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pààrọ̀ ilẹ̀ láì tún ibẹ̀ ṣe, òjò Ìbàdàn méjì mẹ́ta á jẹ tuntun náà.

Ṣé pánẹ́bítà àdúgbò mi lè ṣe é?

Ọwọ́ wọn dá múṣé, kò sí iyèméjì. Ohun tí kì í bá irú ọkọ̀ yìí mu ni gáàsì kabáìdì tí wọ́n fi ń jórin. Páànù ara ọkọ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ ní nínípọn. Ooru gáàsì á jẹ́ kó wú, kó sì kákò, wọ́n á wá fi pọ́tì kún un. Jórinjórin tó ń fi ẹ̀rọ elékítíróòdù ṣe géètì náà kò ran ọ̀rọ̀, lílu ló máa lu páànù. Ẹ̀rọ MIG oníwáyà, tó ń lo gáàsì tirẹ̀, ni ẹ nílò, kí wọ́n sì máa jó o ní ojú kéékèèké, níbí, lọ́hùn-ún, kí ibì kan tutù kí wọ́n tó padà síbẹ̀.

Pọ́tì kò burú tó bá fẹ́lẹ́. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lé ara ọkọ̀ kí ẹ tó rà á. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni ẹ fẹ́ ra.

Ààyè mélòó ni mo nílò nílé, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ ní?

Ààyè ọkọ̀ méjì, kí ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ kí èkejì jẹ́ ibi tí ẹ máa tú irin sí. Ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú, òrùlé páànù lórí. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé ẹ̀rọ ìjórin, torí iná ìjọba tó bá rẹ̀wẹ̀sì á kàn máa tu ìjórin náà sílẹ̀ láìdì mú. Ike onídèérí fún bóòtù, kí ẹ sì kọ orúkọ ibi tí kálukú ti wá sí i lára. Ẹ máa ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ tú. Fóònù ọwọ́ yín tó fún un.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù wá kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ lé búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé kí ẹ tún wọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀. Ńṣe ló máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jáàkì nìkan náà kò tó, torí rọ́bà inú rẹ̀ lè jò nígbàkigbà. Ẹ ra ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó dára, tàbí kí ẹ ní kí jórinjórin ṣe é fún yín pẹ̀lú irin tó nípọn. Bí ẹ bá fẹ́ jórin nítòsí ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ tú táǹkì epo kúrò pátápátá. Lára Mustang, òkè táǹkì náà gan-an ni ilẹ̀ búùtù, iná kò sì jìnnà sí i rárá. Táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o.

Ṣé dandan ni ká bọ Ògún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Ti ẹ̀sìn kálukú nìyẹn. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì kan ń ṣe é lọ́dọọdún, àwọn mìíràn á gbàdúrà. Jáàkì kò mọ ẹ̀sìn kankan.

Sípánà mi kò wọ bóòtù rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ti ínṣì ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà, ti mílímítà sì ni ẹ ń lò. Ẹ máa nílò 7/16, 1/2, 9/16, 5/8 àti 3/4. 1/2 jẹ́ mílímítà 12.7, 13 á wọ̀ ọ́, àmọ́ á máa yọ̀ lórí rẹ̀ títí tó fi máa jẹ etí nọ́ọ̀tì. 9/16 lé díẹ̀ ní 14, nítorí náà 14 ò wọ̀ ọ́, 15 sì tóbi jù. 3/4 ni 19 bá mu.

Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú. Ṣé kí n fi ti Camry sí i?

Ẹ má ṣe é. Ẹ́ńjìnì Camry ń dúró ní ìbú, táyà iwájú ló sì ń wà. Ti Mustang dúró ní gígùn, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é á gé ohun tí kò yẹ kó gé.

Bí búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì 289 náà kò bá ya, títún un ṣe ló dára jù. Irin dídà ni, ó lágbára, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ léèdì tó péye á gbẹ́ sílíńdà rẹ̀, ẹ ó sì ra písítìnì tó tóbi díẹ̀ sí i. Bó bá ti ya, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà nílẹ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí: V8 5.0 tó wà nínú Ford Explorer kan láàárín 1996 sí 2001. Kì í ṣe gbogbo Explorer ló ní in, V6 ló pọ̀ jù, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ kà á. 302 ni wọ́n ń pè é, ẹbí kan náà ni òun àti 289. Ihò sílíńdà wọn dọ́gba ní ínṣì mẹ́rin, ìrìn písítìnì ló yàtọ̀, 2.87 fún 289 àti 3.00 fún 302. Ó lè jókòó síbi tí ti àtijọ́ jókòó sí.

Nǹkan méjì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n fláíwíìlì, irin roboto tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. 289 ń lo èyí tí wọ́n fi áúńsì 28 díwọ̀n, 302 tuntun ń lo áúńsì 50. Bí ẹ bá gbé fláíwíìlì 289 lé ẹ́ńjìnì Explorer, á máa gbọ̀n títí bẹ́árìn inú rẹ̀ fi máa run, mẹkáníìkì á sì máa bá ẹ́ńjìnì síítì jà lásán. Púlì iwájú náà ní ìwọ̀n kan náà tó gbọ́dọ̀ bá a mu. Èkejì ni ètò iná plọ́ọ̀gì: 1-5-4-2-6-3-7-8 ni ti 289, 1-3-7-2-6-5-4-8 ni ti Explorer. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ tún wọn àgbá ọ́ìlì abẹ́ rẹ̀ wò kó má baà kan irin sitiárìn.

Ó máa ń gbóná ní Ìwó Road. Mẹkáníìkì ní ká yọ tẹ̀mọ́sítáàtì dànù.

Ẹ sọ fún un pé ó ṣeun, kí ẹ sì fi tuntun sí i. Èyí tó ń ṣí ní 82°C, ìyẹn 180°F, dára. Láìsí i, omi á máa sáré kọjá nínú rédíétọ̀, ẹ́ńjìnì á tutù jù lójú ọ̀nà márosẹ̀, nínú gosíló sì rèé, gbígbóná náà ló tún máa gbóná. Ohun tó ń fa ooru gan-an sábà máa ń jẹ́ rédíétọ̀ tó ti dí, tàbí àìsí ìbora ike tó yẹ kó yí fáánù ká, èyí tí ẹnì kan ti tú jù nù láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ dá a padà. Omi kànga kò dára nínú ẹ́ńjìnì irin. Kúláǹtì ni kí ẹ pò mọ́ omi mímọ́, torí ó ń dènà ìpẹtà nínú búlọ́ọ̀kù.

Bó bá ń kú lẹ́yìn tí ẹ dúró díẹ̀ nínú oòrùn, tí kì í sì í sitáàtì títí yóò fi tutù, epo ló ń hó nínú páìpù. Ẹ gbé páìpù epo jìnnà sí sàláńsà.

Bíréèkì ńkọ́?

Ibí ni kí ẹ ti yí padà sí tòde òní láìronú lẹ́ẹ̀mejì, kódà bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà. Títí di 1966, ojú kan ni másítà bíréèkì Mustang (ohun tó ń ti omi bíréèkì lọ sí táyà) ní. Bí páìpù ẹsẹ̀ kan bá bẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa pàdánù bíréèkì. Ẹ ro ó wò ní gẹ̀rẹ́ Màpó. Ọdún 1967 ni olójú méjì dé, ó sì ṣeé gbé sí ti àtijọ́. Dírọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára ọ̀pọ̀ wọn; dísìkì iwájú wà fún ẹni tó bá san owó kún un ní 1965, ẹ sì lè ra odindi ohun èlò rẹ̀ lónìí. Másítà tó bá dísìkì mu ni kí ẹ rà pẹ̀lú rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni táyà rẹ̀ ní, ti V8 jẹ́ márùn-ún, nítorí náà irin ẹsẹ̀ rẹ̀ náà lè yí padà.

Ẹ má fi kọ̀mpurẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bíréèkì àtijọ́. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi rin ín.

Bẹ́líìtì àga náà wà lára ọ̀rọ̀ ààbò. Òrùlé-kíká kò ní òpó tí ẹ lè so ti èjìká mọ́, nítorí náà ti ìbàdí ni ẹ máa fi sí i, kí ẹ sì fi páànù tó nípọn há bóòtù rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀.

Ṣé epo ayé òde òní kò ní pa ẹ́ńjìnì náà?

Epo olójé ni wọ́n fi ń wà á nígbà yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Fún ìrìn ráńpẹ́ láàárín ìlú, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ń tú ẹ́ńjìnì síta tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìjókòó fáàfù tó le sí i.

Riwáyà mi fẹ́ tú gbogbo wáyà rẹ̀.

Ó lè jàre. Wáyà tó ti pé ọgọ́ta ọdún máa ń gbẹ, á sì máa fọ́. Àmọ́ ẹ ra ìdì wáyà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà, kí ẹ má jẹ́ kó fi téèpù lọ́ wáyà onírúurú pọ̀. Iná iwájú rẹ̀ ń gba inú súìsì kọjá tààrà. Ẹ fi rílè sí i, kó máa gbé iná náà dípò súìsì, iná á mọ́lẹ̀ sí i, súìsì kò sì ní jó. Ọtanétọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kò ju nǹkan bíi 40 áńpù lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fáánù oníná àti rédíò tó ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Ta ló lè rán òrùlé?

Ẹ ra èyí tí wọ́n ti gé tán fún ọkọ̀ náà. Àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ ní Ìbàdàn mọ iṣẹ́, wọ́n lè rán àga yín lọ́nà tó máa ya yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n tapólì kì í nà bíi fínílì òrùlé, omi á sì gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Kí wọ́n bá yín nà án mọ́ egungun rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, nígbà tí aṣọ bá rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ to àwọn gíláàsì ilẹ̀kùn sí ipò wọn pátápátá kí ẹ tó ṣe é.

Gíláàsì ẹ̀yìn tó bá jẹ́ ike kì í fẹ́ kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún nígbà ọyẹ́. Eruku á ha á. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i.

Ìgbà wo ló dára láti kun ún?

Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á jẹ́ kí ọ̀dà ṣú funfun. Nígbà ọyẹ́, eruku. Èmi á mú ìparí òjò, kí ọyẹ́ tó dé, láàárọ̀, kí ẹ fi ọ̀rá yí ibẹ̀ ká kí ẹ sì wọ́n omi sílẹ̀. Ọ̀dà tó ní hádínà lágbára jù, àmọ́ èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbomú páálí kò sì lè dá a dúró. Bí ẹ kò bá ní ìbomú tó ní asẹ́ kẹ́míkà, ẹ gbé e fún ẹni tó ní in.

Níbo ni mo ti máa ra páàtì, èló sì ni?

Bẹ́árìn, hóòsì, bátìrì, plọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì fáánù, gbogbo ìyẹn ẹ lè rí ní ọjà Aráròmí ní Agódi Géètì, bí ẹ bá mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ. Ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ló kù bí ẹ́ńjìnì Explorer bá ń wù yín. Páànù, rọ́bà àti òrùlé, Amẹ́ríkà ni. Èmi kò ní dárúkọ iye, torí dọ́là kì í dúró. Ẹ kàn mọ̀ pé owó ẹrù ọkọ̀ òfuurufú lórí páànù ńlá lè ju owó páànù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ kó wọn pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gba orí omi wá.

Mo ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì àti àwọ̀. Ṣé ọlọ́pàá ò ní dá mi dúró?

Wọ́n á dá yín dúró bó ti wù kó rí, fọ́tò lásán ni àwọn mìíràn fẹ́ yà. Ẹ lọ ṣe àtúnṣe nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti àwọ̀ nínú ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì fi rìsíìtì ẹ́ńjìnì sínú ọkọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà lára irin, kódà bí ọ̀dà bá bò ó. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ti fi fáìlì ha ibẹ̀ máa rò pé olè ni.

Mo fẹ́ rìnrìn àjò fún oṣù bíi mẹ́ta. Báwo ni kí n ṣe fi sílẹ̀?

Ẹ gbé òrùlé sókè, kó má baà kákò kó sì hu olú. Ẹ kún táǹkì, ẹ tú orí bátìrì kan. Ẹ má fa bíréèkì ọwọ́, ó lè lẹ̀ mọ́ dírọ́ọ̀mù. Ẹ fi sí jíà kí ẹ sì fi igi há táyà. Kí ẹ sì di ihò sàláńsà, torí eku, tí wọ́n bá ti rí ọ̀nà, wáyà tuntun yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ.